Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Francis Kéré, Ayàwòrán Ilé Tó Bẹ̀rẹ̀ Láti Abúlé Gando

Iṣẹ́ plánù ilé ni mo ń ṣe, abúlé ni mo sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo bá ti sọ pé ilé alámọ̀ ṣì ṣeé kọ́ láyé òde òní, ẹnì kan á béèrè nípa ọkùnrin ará Burkina Faso tó fi amọ̀ kọ́ ilé ìwé sí abúlé rẹ̀ tó sì dẹni tí gbogbo ayé ń bu ọlá fún. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ògiri àti òrùlé, màá pẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ta ni Francis Kéré gan-an?

Diébédo Francis Kéré ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n bí i ní Gando, abúlé kan lápá gúúsù ìlà-oòrùn Burkina Faso, nítòsí ìlú Tenkodogo. Bàbá rẹ̀ ni baálẹ̀ abúlé náà, òun sì ni àkọ́bí lọ́kùnrin. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Gando kò ní iná mànàmáná, kò ní omi tó mọ́, kò sì ní ilé ìwé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kàwé nínú abúlé náà.

Ó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì ní 2005, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Munich ní 2017. Ní 2022 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker. Kò sí ẹ̀bùn tó ga jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ wa, ọmọ Áfíríkà kankan kò sì tíì gbà á rí kó tó kàn án.

Ọmọ abúlé tí kò ní ilé ìwé, báwo ló ṣe dé Jámánì?

Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ló gbé e débẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Tenkodogo kó lè kàwé. Ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kó sínú kíláàsì kan ṣoṣo níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, atẹ́gùn kò ráyè wọlé, ìmọ́lẹ̀ kò tó, ooru sì ń pa àwọn ọmọ. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé láti inú kíláàsì yẹn ló ti ń rò ó pé bí òun bá dàgbà, òun á kọ́ ilé tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1985, ó rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà ní Berlin. Lójú mọmọ ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe òrùlé àti àga, bó bá di alẹ́ ó ń lọ sí kíláàsì alẹ́ kó lè parí ìwé girama. Ọdún 1995 ló tún rí ìrànwọ́ mìíràn tó gbé e wọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Berlin láti kọ́ iṣẹ́ yíya ilé, 2004 ló sì jáde. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kó tó gba ìwé ẹ̀rí, ilé ìwé tó kọ́ ní Gando sì ti dúró fún ọdún mẹ́ta kí ìwé ẹ̀rí náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èmi kì í gbàgbé èyí bí òbí kan bá ń sọ fún mi pé ọmọ òun ti pẹ́ jù.

Kí ló mú un padà sí Gando?

Ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá wálé fún ìsinmi, tó sì tó àkókò láti padà, àwọn obìnrin abúlé á máa pè é wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú etí aṣọ wọn, wọ́n á sì mú kọ́bọ̀ tó kù síbẹ̀ fún un. Ọmọdé ni, kò yé e. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ìdí tí gbogbo wọn fi fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé wọ́n ń dá owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, wọ́n ń retí pé bó bá mọ̀wé tán, á padà wá ṣe ìlú lóore.

Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé níhìn-ín mọ irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe owó tí èèyàn ń gbà tí yóò sì sùn lé.

Ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1998 láti wá owó tí wọ́n á fi kọ́ ilé ìwé sí Gando. Ẹgbẹ́ náà ló di Kéré Foundation. Ní 2001, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà parí.

Ṣé ojú ẹsẹ̀ làwọn ará abúlé gbà pé kó fi amọ̀ kọ́ ọ?

Rárá o. Amọ̀ ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n mọ ohun tí òjò máa ń fojú rẹ̀ rí. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ògiri mọ. Ọmọ wọn lọ sí Jámánì, ó kàwé, wọ́n sì ń retí kọnkéré, irin àti díńgí. Ó wá padà dé, ó ní amọ̀ náà ni kí àwọn fi kọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i pé wọn kò jẹ̀bi bí wọ́n bá wò ó lójú.

Kò fi ìwé yí wọn lọ́kàn padà. Ó kọ́ èyí tí wọ́n lè fojú rí, tí wọ́n sì lè fọwọ́ kàn. Nígbà tó fẹ́ fi bíríkì amọ̀ ṣe òrùlé tó tẹ̀ bí ọrun, ó fi ọ̀kan dán an wò, òun fúnra rẹ̀ sì gun orí rẹ̀, ó ń fò sókè sódò lórí rẹ̀. Àwọn yòókù náà gùn ún. Kò wó. Láti ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn ti dín kù.

Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ya plánù ti ń kùnà ní abúlé. A á na ìwé sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, a á máa fi bírò tọ́ka sí ìlà, wọ́n á mi orí, àwa náà á rò pé ó ti yé wọn. Ẹni tí kò lo plánù rí lójú ayé rẹ̀ kò ní rí ilé nínú rẹ̀. Ògiri kékeré kan tí a mọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí òjò sì rọ̀ lé lórí á sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

Báwo ni ilé ìwé náà ṣe ń tutù láìsí fáànù, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wọ kíláàsì onípáànù kan ní abúlé èyíkéyìí lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kẹta. Páànù ti gbóná débi pé ó ń dún pá, pá. Ẹ̀gbẹ́ orí ògiri ni wọ́n ti kan án mọ́ igi, kò sí àlàfo kankan láàárín òun àti orí àwọn ọmọ. Tíṣà ti ṣí gbogbo fèrèsé, síbẹ̀ òkè ni ooru ti ń bọ̀. Bí òjò bá tún dé, ariwo páànù kò ní jẹ́ kí ohùn tíṣà dé bẹ́ńṣì kejì. Ní Gando, ìwọ̀n ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí Kéré ṣe ni pé ó ya páànù kúrò lára ilé. Kíláàsì mẹ́ta ló tò tẹ̀ léra ní ìlà kan, ó sì fi àyè tí òrùlé bò ṣùgbọ́n tí kò ní ògiri sáàárín wọn, kí àwọn ọmọ lè ráyè ṣeré, kí tíṣà sì lè kó wọn jáde bó bá wù ú. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ̀ ni ògiri, ó nípọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ẹrù ilé. Lórí ògiri ni wọ́n da ìtì kọnkéré lé. Wọ́n wá tẹ́ ọ̀pá irin láti orí ìtì kan dé òmíràn, wọ́n sì to bíríkì amọ̀ sórí ọ̀pá náà, ó di àjà. Àjà yìí ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá.

Lórí àjà yìí ni ọgbọ́n wà. Wọ́n mú irin rọ́ọ̀dù lásán, èyí tí gbogbo bíríkìlà ń lò nínú kọnkéré, wọ́n fi ayùn ọwọ́ gé e, wọ́n fi ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré jó o pọ̀, wọ́n fi ṣe férémù tó fúyẹ́. Férémù yìí ló gbé páànù sókè réré kúrò lórí àjà, páànù náà sì yọ jáde kọjá ògiri ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, bí akẹtẹ̀ ṣe ń bo orí àti èjìká àgbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí oòrùn ń ṣe. Ó ń ta páànù, páànù ń gbóná, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò dé inú kíláàsì. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín páànù àti àjà ló ń gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń ròkè ni, nítorí náà ó ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń jáde, ó ń fa èyí tó wà nínú kíláàsì gba àlàfo àjà lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé dípò rẹ̀. Bí oòrùn bá ṣe mú tó ni afẹ́fẹ́ náà ṣe ń yára tó. Ògiri amọ̀ tó nípọn ń gba ooru ọ̀sán díẹ̀díẹ̀, kì í tètè gbé e wọlé, òjìji páànù tó yọ jáde kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ba ògiri náà tààrà. Bíríkì àjà tún ń gba ariwo òjò mọ́ra.

Kò sí ohun tó díjú nínú ìyẹn: irin rọ́ọ̀dù, páànù, amọ̀, sìmẹ́ǹtì díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà wa.

Kí ló dé tó jẹ́ rọ́ọ̀dù ló lò, tí kò lo irin ńlá tàbí pákó?

Ọ̀nà abúlé kò gba ọkọ̀ tó lè gbé irin ńlá, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọ́n á fi gbé e sókè. Rọ́ọ̀dù ni èèyàn méjì lè gbé léjìká. Ọ̀dọ́ abúlé lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e tí wọ́n sì ń jó o pọ̀ láàárín àkókò díẹ̀, iṣẹ́ náà á sì kù sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ilé bá parí.

Òjò ńkọ́? Ṣé amọ̀ náà kò ní yọ́?

Ọ̀tọ̀ ni amọ̀ tí èèyàn fọwọ́ mọ lásán, ọ̀tọ̀ ni bíríkì amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde. Lápapọ̀, irú bíríkì bẹ́ẹ̀ máa ń gba sìmẹ́ǹtì bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Síbẹ̀, kí ẹ má gbójú lé sìmẹ́ǹtì nìkan. Ibi méjì ni omi ti ń pa ilé amọ̀: láti orí àti láti ẹsẹ̀. Òrùlé tó yọ jáde dáadáa ń gba ti orí, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á jìn sí ògiri. Ìpìlẹ̀ olókùúta tàbí kọnkéré tó ga kúrò nílẹ̀ ń gba ti ẹsẹ̀, òjò tó bá ta padà láti ilẹ̀ á pàdé òkúta. Ilé tó ní méjèèjì yìí máa ń pẹ́. Ilé tí kò ní wọn, kódà búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì á máa mu omi, á máa hu èéhù.

Ta ló ṣiṣẹ́ náà gan-an?

Gbogbo abúlé. Bí àwọn ọmọ bá ń bọ̀, òkúta ni wọ́n ń gbé dání, òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn obìnrin ń pọnmi wá. Àwọn ọkùnrin ń tẹ bíríkì. Nígbà tó kan ilẹ̀ inú ilé, àwọn obìnrin jókòó tì í, wọ́n ń lù ú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà wọ́n fi òkúta dán an títí tó fi ń jọ̀lọ̀. Àwọn ìyá tiwa náà lu ilẹ̀ ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìgbẹ́ màlúù pa á. Ẹni tó bá ti sùn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò ooru mọ bó ṣe tutù tó.

Àǹfààní rẹ̀ ju ti owó lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ lórí ilé ìwé yẹn di oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń bá a lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára ilé náà, kò sí pé wọ́n ń wá ẹni tó máa tún un ṣe káàkiri. Ọmọ 120 ni wọ́n kọ́ ọ fún níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó 700. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn tíṣà ní 2004, wọ́n sì fi kíláàsì kún un ní 2008.

Mo gbọ́ pé ó fi ìkòkò sínú àjà. Kí ni ìkòkò ń ṣe níbẹ̀?

Ilé ìkàwé tó yà fún Gando ni ẹ ń sọ. Ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin abúlé mọ, irú èyí tí wọ́n fi ń pọnmi tí wọ́n sì fi ń tọ́jú ọkà, ni wọ́n gbé wá. Wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò kí ojú rẹ̀ méjèèjì lè ṣí, wọ́n tò wọ́n sórí pátákó, wọ́n wá da kọnkéré yí wọn ká. Nígbà tí kọnkéré gan, ẹnu ìkòkò kọ̀ọ̀kan di ihò nínú àjà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ róboróbo sórí ilẹ̀, ooru sì ń gba ibẹ̀ jáde.

Kọnkéré tí wọ́n dà dín kù, torí ìkòkò ti gba àyè. Owó ìkòkò náà sì wọ ọwọ́ amọ̀kòkò tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà.

Ṣé ilé ìwé nìkan ló ń kọ́?

Rárá. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ilé ìwòsàn tó kọ́ sí Laongo, nítòsí Ouagadougou, tó parí ní 2014. Bí ẹ bá dúró níwájú ògiri rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ máa jọ yín lójú bí ohun tí wọ́n kàn fọ́n síbẹ̀, òmíràn ga, òmíràn rẹlẹ̀ dé ìdí ògiri. Ẹ wọlé kó yé yín. Ọ̀kan wà fún ẹni tó dúró, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó, ọ̀kan fún ọmọdé, ọ̀kan fún aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Aláìsàn tí kò lè dìde á ṣì máa wo igi àti ènìyàn níta. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù nílùú wa tó jẹ́ pé òkè ògiri nìkan ni fèrèsé wà, tí ẹni tó dùbúlẹ̀ kò rí ohunkóhun bí kò ṣe síìlìn.

Ní Koudougou, ó kọ́ ilé ìwé girama Lycée Schorge, tó parí ní 2016. Yangí ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé yangí láti inú ilẹ̀, ó máa ń rọ̀, ó ṣeé gé sí bó ṣe wù wọ́n, bó bá wà nínú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, á wá le. Igi yukalíptọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe ọgbà tó yí kíláàsì ká. Igi yìí tètè ń dàgbà, ó sì máa ń fa omi ilẹ̀ gbẹ, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í kà á sí. Òun rí òjìji nínú rẹ̀.

Ní Kenya, lẹ́bàá adágún Turkana, ó kọ́ ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́, ó parí ní 2021. Ó ní ilé gogoro pupa tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Òkìtì ọ̀gán tó pọ̀ ní àgbègbè náà ló fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Àwọn ẹ̀bùn wo ló ti gbà?

Ilé ìwé Gando gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní 2004. Ilé ìwé girama tó yà fún abúlé kan náà gba ẹ̀bùn wúrà Holcim ti gbogbo àgbáyé ní 2012. Pritzker dé ní 2022, Praemium Imperiale ti Japan sì tẹ̀ lé e ní 2023.

Ṣé ó ti kọ́ nǹkan kan sí ìlú òyìnbó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London lè rántí àgọ́ Serpentine ti ọdún 2017 ní Kensington Gardens, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ igi aláwọ̀ búlúù. Igi tí wọ́n ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ ní Gando ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sí àárín, tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, omi á máa dà wálẹ̀ láàárín àgọ́ náà, àwọn tó jókòó yí i ká á máa wò ó. Ó tún kọ́ nǹkan sí ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, Gando ni kó máa wò.

Ǹjẹ́ ó kàn wá níhìn-ín?

Ó kàn wá gan-an. Òun ló ya plánù Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2021. Ìlú tí Yorùbá kún inú rẹ̀ ni, ẹni tó bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá kò ní í rìn jìnnà kó tó débẹ̀.

Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ìlú ló fi ya ilé náà. Ìsàlẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ wà, òkè fẹ̀ jáde bí ẹ̀ka igi, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ́fíìsì wà. Àárín rẹ̀ ṣófo bí ihò inú igi ńlá, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ọgbà tí gbogbo ará ìlú lè wọ̀ ló yí i ká. Ní Ouagadougou, òun náà ló ya ibojì àti ibi ìrántí Thomas Sankara, ààrẹ Burkina Faso tí wọ́n pa ní 1987.

Ṣé a ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà?

A ní. Demas Nwoko, ará Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta, ti ń po yangí pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì fi mọ búlọ́ọ̀kù tipẹ́tipẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó yà sí Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí lè lọ wò ó. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, náà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ bíríkì amọ̀ tó ń wọnú ara wọn, tí kò gba sìmẹ́ǹtì púpọ̀ láti fi tò ó.

Ṣé ilé amọ̀ báyìí kò wọ́n jù?

Amọ̀ fúnra rẹ̀ kò wọ́n, ó wà nílẹ̀. Ohun tó ń gba owó ni iṣẹ́ ọwọ́, páànù, irin àti àkókò. Òrùlé méjì lórí ara wọn, àjà àti páànù tó ga sókè, gba irin ju òrùlé kan lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni, ó ń tàn yín. Owó Gando náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣa jọ láti òkè òkun.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí owó ń lọ. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù, owó ń bá ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì padà lọ sí ìgboro. Nínú ilé Gando, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sọ́wọ́ àwọn tó tẹ bíríkì, tó jó irin, tó mọ ìkòkò. Fún abúlé tí kò níṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mo fẹ́ dán bíríkì amọ̀ wò lórí ilẹ̀ wa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá amọ̀ náà dára?

Ẹ má lo ilẹ̀dú tó wà lókè. Ewé tó ti jẹrà wà nínú rẹ̀, bíríkì rẹ̀ kò ní le. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ wá ìgò tó mọ́, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ náà sí ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ da omi kún un, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, èyí tó kúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ gidi á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ ju iyanrìn lọ, bíríkì á máa sán bó bá ń gbẹ, ẹ ó fi iyanrìn kún un. Bó bá jẹ́ pé iyanrìn nìkan ni ẹ rí, kò ní dì mọ́ra.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bíríkì tó ní sìmẹ́ǹtì, ẹ má kó o sí oòrùn. Ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó wà ní ọ̀rinrin fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di bí oṣù kan kí ẹ tó fi mọlé. Ẹ gbé ọ̀kan sínú omi mọ́jú. Èyí tó bá yọ́ tàbí tó ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò yẹ kó wọ ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá ẹ́ńjíníà kó wo ìpìlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ilé náà bá fẹ́ jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yíya ilé. Ọ̀nà wo ni kó gbà?

Ní Nàìjíríà, ìṣirò àti físíìsì kò gbọ́dọ̀ jábọ́ nínú ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀. Yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí pọ̀: Ifẹ̀, Èkó, Zaria àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ á tún lọ fún oyè kejì, á ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, á sì ṣe ìdánwò kí ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ọlidé, ẹ fi í sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà tàbí bíríkìlà. Ọwọ́ tó ti gbá ìṣó rí máa ń ya òrùlé tó ṣeé kàn.

Ilé amọ̀ bàbá wa àgbà ṣì wà lábúlé, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ń já bọ́. Kí la lè ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi mí ní èyí. Sìmẹ́ǹtì le, kì í jẹ́ kí ògiri amọ̀ mí. Omi tó bá rí ibi tó sán wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, á máa rọ amọ̀ náà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ẹ rò pé ó ń dáàbò bò ó, títí á fi wú tí á sì já. Bí ẹ bá tún fi sìmẹ́ǹtì lé e lórí, á tún já.

Ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé. Bí páànù bá parí sí eteetí ògiri, ẹ fà á jáde kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè jìnnà. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí ilé náà ká kí omi má dúró sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ilẹ̀ tó ti ga jù kúrò lẹ́bàá ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ha sìmẹ́ǹtì tó ti yọ kúrò díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ dénú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ wá fi amọ̀ tí ẹ po mọ́ koríko gígé rẹ́ ẹ padà. Ẹ wá bàbá tàbí ìyá kan ní abúlé náà tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó, kí ẹ sì sanwó fún un kó fi han àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣiṣẹ́ náà.